Iyọ̀ Ẹni Tó Wà Lọ́nà

Ìyá mi, ẹni tó kọ́kọ́ gbé mi pọ̀n,

Ṣé ibi tẹ́ ẹ wà tù yín lára? Èmi ò rójú. Ìyábọ̀ wà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, mò ń rọra mi ara mi kó má bàa jí. Ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe wọ́. Ẹ mọ̀ pé mi ò pẹ́ nílé ìwé, èyí tí mo mọ̀ ọ́n kọ náà, àwọn ìyá ìjọ ló fi ọjọ́ Sátidé kọ́ mi.

Ọ̀la la fẹ́ gbé ọmọ lọ sí Àgbómẹ̀, ìlú Kọ̀sí ọkọ mi.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ kí yín dáadáa, kí n sọ bí àgbàdo ṣe rí lọ́dún yìí àti ẹni tó bímọ àti ẹni tó kó kúrò ládùúgbò. Kò ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba gbogbo inú mi. Kọ̀sí ní bàbá òun ti darúgbó, ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ó fẹ́ rí ọmọ náà kí ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú ẹ̀ tó lọ. Ó ní Táyínọ̀ náà ń retí wa. Táyínọ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin tó dàgbà jù nínú agbo ilé wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ni. Òun ló máa ń sọ ẹni tó padà wá nínú ọmọ tuntun, nínú àwọn òkú wọn. Wọ́n á gbé ọmọ fún un, á wò ó, á ní lágbájá ló dé. Lẹ́yìn náà ọmọ gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú agbo ilé. Tí kò bá sùn, kò tíì di ọmọ wọn.

Ṣé ẹ rí ohun tó ń dẹ́rù bà mí? Ìyábọ̀ la sọ ọmọ yìí. Oṣù tẹ́ ẹ lọ ni mo mọ̀ pé mo lóyún ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń ní ẹ̀yin lẹ padà, torí àmì dúdú tó wà lábẹ́ etí ẹ̀, ibi tí tiyín wà gan-an. Tí ìyá arúgbó yẹn bá gbé e sókè wàyí, tó ní bàbá-ńlá àwọn kan ni ńkọ́? Níbo lẹ̀yin á wà nígbà náà? Àbí èèyàn méjì lè gba inú ọmọ kan? Nígbà míì tí mo bá ń fún un lọ́mú, tó tẹjú mọ́ mi bẹ́ẹ̀, ojú máa ń tì mí, mo máa ń rò pé ẹ̀ ń wo bí mo ṣe ń tọ́jú yín.

Ọ̀rọ̀ oorun yẹn ló wá le jù. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ọmọ ilé wa kì í sùn ní Àgbómẹ̀. A lè kọjá níbẹ̀. A lè rajà, ká tajà. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀, ó tì. Oko wa ní Idigny lẹ ti sọ ìdí ẹ̀ fún mi, à ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀bẹ yín ò sì dúró bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ẹ ní nígbà ogun Dàhòmì, tí wọ́n sé Kétu mọ́lé títí ebi fi pa agbára gbogbo èèyàn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò obìnrin ló wà nílé wa. Ẹ̀gbọ́n ráyè sá wọgbó. Wọ́n mú àbúrò, wọ́n so ó mọ́ àwọn yòókù, wọ́n kó wọn sọdá odò Wẹ̀mẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀. Wọ́n jó ìlú. Koríko hù lójú ọjà. Ìgbà tí àwọn òyìnbó Faransé wá ṣẹ́gun ọba Dàhòmì, wọ́n ní kí àwọn tó kù máa lọ sílé wọn. Àwọn kan bọ̀, wọ́n tún odi ṣe, wọ́n ro ọ̀nà. Àbúrò yẹn ò bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló bí ìyá-ìyá yín.

Ẹ ní ogun yẹn ò parí lọ́jọ́ tó parí. Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ ń wí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí i. Àwọn tí wọ́n lé Dàhòmì lọ ló pín ilẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí wa tó wà ní ọ̀nà Ìmẹ̀kọ di ará Nàìjíríà lójú oorun, àwa di ará ibí. Nígbà òkú yín, wọ́n dá àwọn ìyá wa dúró lẹ́nu ibodè, wọ́n ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà oko ni ọ̀nà yẹn láyé àwọn bàbá wọn. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò yín kí wọ́n tó dé. Ní ọjà Kétu níbí, èdè Fọ̀n ti Dàhòmì ni mo fi ń nájà. Faransé ni Ìyábọ̀ á fi kàwé. Tí mo bá rò ó báyìí, ogun náà ló sọ mí di ẹni tó pàdé Kọ̀sí.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo mú un wá hàn yín? Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ tí epo alùpùpù ti sọ dúdú, ẹ bi í pé ọmọ ibo ni, ó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ ó ní Àgbómẹ̀. Ẹ wá ní, “Ẹ ti kó wa lọ rí lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ máa ru iṣu wá.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mò ń wo ojú yín, ojú yín ò rẹ́rìn-ín. Ó ru iṣu wá lóòótọ́.

Mo ṣì ń gbé igbá ẹni tó wà lọ́nà sílẹ̀ fún àbúrò tí ogun kó lọ yẹn, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé. Kí n tó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, mo ti bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ sínú igbá kékeré tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún mi, màá gé ọkà sí i, màá fi ewé bò ó, màá gbé ọmọ ọlọ lé e. Mò ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí, níbi tí wọ́n kó o gbà lọ. Iyọ̀ wà lórí ewé tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré mo bi yín pé kí ló dé tá ò fi iyọ̀ sí i ká parí ẹ̀. Ẹ ní ẹni tí ogun kó lọ, a ò mọ ohun tí wọ́n ti sọ di èèwọ̀ fún un níbi tó wà. Kó dé ná. Kó fọwọ́ ara ẹ̀ bu iyọ̀ tó bá ṣì ń jẹ iyọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ kó dé ilé Kọ̀sí, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ebi ń pa á, ó rí igbá lẹ́nu ọ̀nà, ó jẹ ẹ́. Ó tún wá ń pariwo pé ìyàwó tuntun ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo sunkún débi pé ó rò pé mo fẹ́ kúrò nílé. Látìgbà náà, tí ebi bá ń pa á, á kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé èyí ni tèèyàn àbí tẹni tí ò sí. Adìẹ ló ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, bíi tìgbà tiyín.

Mo gun zẹ̀mí, alùpùpù akérò, lọ bá ẹ̀gbọ́n yín ní Odómẹ́ta kí n lè mọ èyí tí màá ṣe. Ó ń họ àgbàdo, kò dáwọ́ dúró. Mo ṣàlàyé tán, ó ní, “Iná tó jó ilé wa, òun lo fẹ́ gbé ọmọ lọ yá?” Ó bu àgbàdo fún mi kí n máa gbé lọ.

Tí n bá kọ̀, mò ń ya Kọ̀sí kúrò lára bàbá ẹ̀. Tí n bá lọ, tí nǹkan ṣe ọmọ yìí, ta ni màá sọ fún? Ẹ fi nǹkan kan hàn mí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àlá, mi ò mọ àlá túmọ̀. Kí alùpùpù Kọ̀sí kọ̀ láti gbéra, kí òjò rọ̀. Nǹkan tí ojú mi lè rí.

Ọmọ ń ké, mo dúró níbí ná.

*

Ìyá mi, a ti lọ Àgbómẹ̀, a ti padà dé. Òjò ò rọ̀. Alùpùpù gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé ìdáhùn yín nìyẹn, àbí ẹ ò gbọ́?

Nígbà tá à ń sọdá Wẹ̀mẹ̀, mo fi ìborùn bo ojú ọmọ. Mi ò mọ ohun tí mò ń pa mọ́ fún un. Odò náà kàn ń ṣàn lọ ni, àwọn ọmọ kan ń wẹ̀ létí ẹ̀.

Agbo ilé wọn tóbi, ògiri pupa, igi máńgòrò kan láàárín. Bàbá ọkọ mi fi ìka ẹ̀ wá ojú ọmọ kiri, ó fọwọ́ kan imú, ó fọwọ́ kan etí, ó dé orí àmì yẹn, ó dúró síbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe é. Mi ò jẹ́ kó gbé e kúrò lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọ̀sán ni mi ò gbé ọmọ sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi Kọ̀sí pé Nàgó tó fẹ́ yìí, ṣé ọmọ ẹ̀ ò ní ẹsẹ̀ tó fi ń kanlẹ̀ ni. Nàgó ni wọ́n ń pe àwa ará Kétu. Mo rẹ́rìn-ín fún wọn. Mo sì dì í mú.

Táyínọ̀ kéré bí ọmọdé, ó ró aṣọ funfun, èjìká ẹ̀ wà níta. Ó wo ọmọ, ó wò mí, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó padà sórí ẹní ẹ̀. Mo ní ó ti rí nǹkan.

Nígbà tí wọ́n dáná, mo wọ ilé ìdáná lọ jókòó. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe pé mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, mo fẹ́ rí ohun tí wọ́n máa fi sí oúnjẹ tí wọ́n máa fún mi. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ na ọwọ́ sí iyọ̀. Táyínọ̀ dìde, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó mú ìgbakọ, ó bu ọbẹ̀ sínú igbá kékeré kan, ó gé ọkà sí i, ó fi ewé bò ó, ó wá òkúta tó dán, ó gbé e lé e. Ó bu iyọ̀ sórí ewé ọ̀tọ̀. Ó gbé gbogbo ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà tó kọjú síbi tí oòrùn ti ń yọ ni. Ọ̀nà ibí, ọ̀nà Kétu.

Ìyá mi, bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ ni. Mo pe Kọ̀sí, torí Fọ̀n tèmi, Fọ̀n ọjà ni, tìyá yẹn jìn. Kọ̀sí náà dúró, ó ń wo igbá, ó ń wò mí. Ó ní àtikékeré lòun ti ń rí i níbẹ̀, òun rò pé ti òrìṣà ilé ni, ọmọdé kì í súnmọ́ ọn. Èmi tó sunkún lé e lórí nílé, kò sọ fún mi rí pé irú ẹ̀ wà nílé bàbá òun, torí kò mọ̀ pé irú ẹ̀ ni.

Mo ní kó bi í.

“Bí ìyá tó bí bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn,” ni Táyínọ̀ wí. “Nàgó ni. Ogun ló mú un wá.”

Ó ní òun mọ ìyá náà dáadáa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lòun ń sùn lórí ẹní nígbà tóun wà ní kékeré. Mo bi í pé kí lorúkọ ẹ̀. Ó ní orúkọ tí ilé yìí sọ ọ́ ni gbogbo wọ́n mọ̀, ti ilé ẹ̀ kò sẹ́ni tó bi í títí ó fi kú. Mo bi í pé nígbà tí ọ̀nà ṣí, tí wọ́n ní kí àwọn ará wa máa bọ̀, kí ló dé tí kò bọ̀. Ó ní ọmọ wà lọ́mú. Ọmọ bàbá ni ọmọ, wọn ò jẹ́ kó gbé e lọ. Ìyá náà ní òun á dúró kí ọmọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òmíràn tún dé. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Ìyá mi, ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù wá bà mí tán. Ó ti ń bà mí tẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀ yẹn á pa ọmọ mi. Mo wá rí i pé kì í ṣe pípa ló kó ìyá yẹn mọ́lẹ̀, ọmú ni, ìfẹ́ ọmọ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà, mò ń wo ibi tí Kọ̀sí gbé alùpùpù sí. Ó rí mi. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lápò, ó fi lé mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n gùn.

Táyínọ̀ bèèrè orúkọ tá a sọ ọmọ. Mo sọ fún un, Kọ̀sí túmọ̀ ẹ̀. Ó ní ìyẹn ti tó, òun ò ní wá ẹnikẹ́ni nínú àwọn òkú wọn mọ́. Ó wá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé igbá náà, ó ṣí ewé orí ẹ̀, ó gbé e ka iwájú mi.

“Ẹni tó wà lọ́nà ti dé,” ló wí. “Jẹun.”

Mi ò jẹ nínú igbá yẹn rí láyé mi. Ẹ mọ̀. Ẹ ti gbá mi lọ́wọ́ nítorí ẹ̀ rí. Gbogbo àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ń wò mí. Mo fọwọ́ ara mi bu iyọ̀ sí i. Mo jẹ ẹ́ tán. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo tẹ́ ìró yín tí mo fi pọ̀n ọ́n sórí ẹní Táyínọ̀, mo gbé ọmọ lé e, mo di ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kò sẹ́ni tó dá wa dúró láàárọ̀. Wọ́n súre fún wa, wọ́n di àgbàdo lé wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Kétu, ara ọmọ ti gbóná. Ẹ ò lè mọ bí mo ṣe pe orúkọ yín tó lójú ọ̀nà yẹn. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní eyín ló ń bọ̀. Mi ò gbà á gbọ́. Gbogbo ìgbà ni mò ń ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Láàárọ̀ yìí ni ìka mi kan nǹkan ṣóńṣó kan. Nísàlẹ̀ ni, ìyá mi, kì í ṣe lókè tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ara ẹ̀ ti ń tutù bọ̀. Mo ṣì ń ki ìka bọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo padà lọ sí Odómẹ́ta, mo rò fún ẹ̀gbọ́n yín. Ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí àgbàdo lọ́tẹ̀ yìí. Ó bèèrè ibi tí ẹnu ọ̀nà kọjú sí lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní, “Tó bá jẹ́ àbúrò yẹn ni, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ lo fẹ́ yẹn.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ìran, ti ìhín, ti ọ̀hún, ó ṣì í kà, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó bínú, ó padà sídìí àgbàdo ẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn fún Kọ̀sí. Ṣé ilé wa nìkan ló ń ya iyọ̀ sọ́tọ̀, ìyá mi, àbí gbogbo Kétu tí ogun kó ló ń ṣe é? Kí ló dé tí mi ò bi yín nígbà tẹ́ ẹ wà? Tó bá jẹ́ òun, ṣé mo ṣẹ̀ ni? Tí kì í bá ṣe òun, ọmọ ta ni mo jẹ oúnjẹ ẹ̀?

Mi ò mọ̀ bóyá kí n ṣì máa gbé igbá náà sílẹ̀. Ẹni tá à ń retí ti dé, wọ́n ní èmi ni. Àná mo ti se ọbẹ̀ tán, mo ti fẹ́ fi iyọ̀ sí i, ọwọ́ mi kọ̀. Mo bu ú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Obìnrin kan wà tá a jọ ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ti òkè àríwá wá, níbi tí àwọn agbébọn ti ń sun abúlé. Òun àtọmọ ẹ̀ ló dé, kò tíì sẹ́ni tó mọ ibi tí ọkọ ẹ̀ wà. Kò gbọ́ Fọ̀n, kò gbọ́ èdè wa. Ní gbogbo àdúgbò wọ́n ń wò ó bíi kó máa lọ, wọ́n ní ogun máa ń tẹ̀lé àwọn tó bá sá fún un. Èmi náà máa ń di ọmọ mi mú tó bá ti yọ. Láàárọ̀ yìí, kí adìẹ tó dé ìdí igbá, mo gbé e, mo gbé ewé iyọ̀, mo lọ bá a lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ṣí i, mo gbé e síwájú ẹ̀.

Ó jẹun. Ó fún ọmọ ẹ̀ jẹ. Ó wo iyọ̀ náà títí, kò fọwọ́ kàn án. Mi ò bi í.

Màá fi ìwé yìí sábẹ́ ọmọ ọlọ, nírọ̀lẹ́ tí mo bá gbé tòní sílẹ̀. Tó bá ṣe pé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn mi níbí, tẹ́ ẹ ń hu eyín, ẹ ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, oúnjẹ wà nílẹ̀, iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èmi ọmọ yín tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀,
ìyá Ìyábọ̀.